Ògiri Amọ̀ ní Òkè Ebu

Ìkòkò náà tún wó. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn láti ìdájí, n ò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ó kọ́kọ́ dúró dáadáa lórí òṣùká, ikùn rẹ̀ yọ, ó ku ọrùn. Ni mo bá ní kí n sinmi díẹ̀, ló bá rọra jókòó sílẹ̀ bí arúgbó tó ti rìn jìnnà, ó pín sí méjì. Mo bú u. Mo bú ilẹ̀ pupa tí mo fi mọ ọ́n, mo sì bú ara mi mọ́ ọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi," ni Afojúwọ̀n wí lókè orí mi. "Ó ku wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ ò bi mí, ìyá mi. Òfin ló ní kí n máa rán yín létí."

Afojúwọ̀n ò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ojú kan ló ní, ó sì ń fò kiri inú ilé láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ihò eku tí kò tíì wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Ilẹ̀-Ìsinmi ló yá mi lò ó, bí wọ́n ṣe ń yá gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ padà sóko, kí ó bá a ya àwòrán ilé tí yóò máa gbé, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ lédè ti ní láti jẹ́ ọmọ tí wọ́n nà dáadáa nílé, torí ìbọ̀wọ̀ fún àgbà tó ní pọ̀ ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ.

Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Kújẹ̀ḿbọ́lá, alábòójútó ilẹ̀ ní agbègbè wa, yóò dé. Ẹni tó bá lè fi iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ han ìjọba nìkan ni òfin gbà kó padà sílé, nítorí náà ìkòkò kan ṣoṣo ló ń wá bọ̀: ìkòkò tó dúró, tí mo fi amọ̀ tí òfin gbà mọ, lábẹ́ òrùlé tí mò ń sùn sí. Bí ó bá bá a, ilé bàbá ìyá mi di tèmi, n ó sì máa gbé Òkè Ebu títí n ó fi kú. Bí kò bá bá a, Agbálẹ̀ yóò wọlé. Ẹ̀rọ ńlá náà ti dúró sábẹ́ igi tíìkì létí ọ̀nà láti ọjọ́ Ajé, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwọn ẹyẹ ẹ̀ga tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtẹ́ sí i lápá. Ilé oníyàrá mẹ́rin kì í gbà á ju ìdajì wákàtí lọ. Mo ti rí i nígbà tó gbá ilé ẹ̀kọ́ kan ní abúlé kejì. Nígbà tó ṣe tán, ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ àti irúgbìn koríko ló fi sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Mo lo oṣù kan lórí àríyànjiyàn àwòrán ilé, mo lo èyí tó kù lórí ilẹ̀ pupa. Ẹ̀bi mi ni, n ò ní purọ́.

Àríyànjiyàn náà ò kéré. Igi àgbálùmọ̀ kan ti hù nínú yàrá kejì, ó ti gba òrùlé kọjá, a ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án torí ó ti ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. "Ayálégbé ni lójú òfin, ìyá mi," ni Afojúwọ̀n wí. Mo ní kó bá mi sọ fún ayálégbé náà kó yéé ju èso lù mí lórí. A gbé bẹ́ẹ̀dì mi sí pálọ̀. A fi yàrá kẹta ṣe ibi tí ìkòkò yóò ti máa gbẹ, torí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀. A ṣí ojú fèrèsé kan sí ìhà ìlà-oòrùn, a sì yan ibi tí dígí ńlá tó ń kó oòrùn jọ yóò wà lẹ́yìnkùlé, torí ìjọba ò fẹ́ rí èéfín, oòrùn ni a ó máa fi sun ìkòkò. Gbogbo èyí, a gbà fún ara wa. Ìgbà tó kan ibi iṣẹ́ gan-an ni ìjà dé.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró tó wà láàárín ilé ni Afojúwọ̀n fi síbẹ̀. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ó ya àpótí ìjókòó kan àti kẹ̀kẹ́ kan tí yóò máa yí.

"Kí ni mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe?"

"Ibẹ̀ ni ìkòkò yóò ti máa yí, ìyá mi, tí ẹ̀yin yóò jókòó tì í."

"Nílé wa, ìkòkò kì í yí. Àwa là ń yí i ká."

Ó ní òun ti wá gbogbo inú òun, òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń rìn yí ìkòkò ká. Mo ní kò burú, kó wo ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi àgbà ni mo rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé: á tẹ̀ ba, á da aṣọ tútù sí etí ìkòkò, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po, kíá-kíá, ìdí rẹ̀ lóde, ojú rẹ̀ nínú, títí ẹnu ìkòkò yóò fi dán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn, ògiri ni yóò máa fi ìdí gbá.

Ibì kan ló wà tí àyè yóò ti tó, mo sì mọ̀ ọ́n, Afojúwọ̀n náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá wó ògiri yàrá kẹrin, yàrá náà àti ọ̀ọ̀dẹ̀ yóò di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n yàrá kẹrin ni n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ.

Nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Màmá Ṣárọ́ọ̀nì dé, pẹ̀lú kókò sísè àti epo nínú abọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Ìran tiwọn ni wọ́n fi irú orúkọ yẹn ṣe fáàrí, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹní ló fi gba àṣẹ padà sí abúlé kejì, òun nìkan ló ń hun ún níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ló ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò, kó tó sọ pé amọ̀ ń ba èékánná òun jẹ́.

Ó wo àfọ́kù tó wà nílẹ̀. "Ìbíwùmí, o ṣì ń fi ilẹ̀ pupa ṣeré?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀. Ilẹ̀ pupa, ilé ni wọ́n fi ń mọ. Amọ̀ dúdú, ìkòkò ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì ṣe é sódì ní Òkè Ebu yìí."

Mo rẹ́rìn-ín, torí ìtàn yẹn la fi tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi àgbà ni. Awakọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ Òkè Ebu, ìlú tí kò sí amọ̀ ló ti wá. Ní ọdún tí sìmẹ́ńtì wọ́n gógó, ó fẹ́ kọ́ yàrá kan kún ilé fún ìyàwó rẹ̀ tuntun. Ó rí amọ̀ dúdú tí àwọn obìnrin ń wà létí odò, ó dán, ó fà, ó ní ilé tí wọ́n bá fi amọ̀ tó dáa báyìí mọ, á dáa ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń ru ú wálé. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó dé, ògiri sán, apá ọmọdé gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn amọ̀kòkò wá wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọkọ ìyàwó mọ ìkòkò onígun mẹ́rin. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo jogún lára rẹ̀, kò sí àwòrán rẹ̀ kankan nílé wa.

"Amọ̀ wà nílé rẹ, o ní o ò rí amọ̀," Màmá Ṣárọ́ọ̀nì wí. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o dé ni mo ti sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

"O gbọ́, o ò gbà. Ṣé kí n máa lọ?"

Òótọ́ ló sọ. Òfin ò gbà kí a gbẹ́ ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo yọ́ lọ sí etí odò níbi tí àwọn ìyá wa ti ń wa amọ̀, mo ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Ọkọ́ mi ò tíì wọlẹ̀ tán tí èèkàn olójú pupa tí wọ́n gbìn síbẹ̀ fi figbe ta: "Ilẹ̀ yìí ń sinmi! Ilẹ̀ yìí ń sinmi!" Ó pariwo títí oòrùn fi wọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kújẹ̀ḿbọ́lá sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá ti wà lára ilé látijọ́ nìkan la lè lò. Lára ilé yìí, ilẹ̀ pupa ni gbogbo ògiri, àfi yàrá kẹrin, èyí tí bàbá mi àgbà fi amọ̀ dúdú mọ.

Yàrá kẹrin ni èmi àti ìyá mi àgbà ń sùn sí. Gbogbo ara ògiri rẹ̀ ló kún fún ipa ìka, ìka mẹ́ta-mẹ́ta tó wọ́ wálẹ̀, ní gbogbo ibi tí ògiri ti sán tí wọ́n sì ti dí i. Bí mo bá dùbúlẹ̀ nígbà náà, n ó ki ìka mi bọ inú ipa yẹn, n ó máa fà á wálẹ̀ títí oorun á fi gbé mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà Ìkójọ, tí ọkọ̀ ìjọba wá kó gbogbo wa lọ sílùú kí ilẹ̀ lè sinmi. Àjà kẹtàdínlógójì nínú ilé gíga kan ni wọ́n fún wa. Ìyá mi àgbà lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin níbẹ̀. Kò sí ilẹ̀ fún òkú nílùú, inú ògiri ilé gíga náà ni wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú nọ́ńbà. Mo ti lọ fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn fún ogójì ọdún, irin tútù ni.

Nítorí náà ni mo fi padà. Kì í ṣe torí ìkòkò. Mo kọ́ ìkòkò mímọ lágbàlagbà kí wọ́n lè jẹ́ kí n wá máa gbé nítòsí ògiri yẹn. Láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí n tó bọ́jú, n ó lọ ki ìka mi bọ ipa ìka ìyá mi àgbà, n ó sì kí i.

"Ìyá mi," ni Afojúwọ̀n wí, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ojú mi, "mo lè ya gbogbo ipa yẹn pamọ́ sínú mi, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sára ògiri pupa. Kò ní fi bí irun orí yàtọ̀."

"Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lọ́wọ́?"

Ó rọra gòkè padà. "Rárá, ìyá mi."

Màmá Ṣárọ́ọ̀nì ti jókòó sórí odó tó dojú dé, ó ń jẹ kókò tó gbé wá fún mi. "Bí o ò bá wó o, Agbálẹ̀ á wó o," ó ní. "Méjèèjì náà ni ògiri ò ní sí. Nínú ọ̀kan, ìwọ ṣì máa wà níbí."

Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbà láti ṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mo ń wo ògiri, ó ń ṣe mí bíi pé kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí Agbálẹ̀ gbá àwa méjèèjì pọ̀. Mo sọ ọ́ síta. Màmá Ṣárọ́ọ̀nì ní bí mo bá ti sùn tán nínú ikùn ẹ̀rọ, kí n rántí pé òun ló ni abọ́ tó wà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n má gbá a mọ́ mi.

Mo gbé àáké.

Ohun tí n ò rò ni òórùn náà. Bí mo ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kan, eruku dúdú tú jáde, òórùn ebu tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò gba gbogbo ilé, òórùn aṣọ ìyá mi àgbà lẹ́yìn iṣẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú. Màmá Ṣárọ́ọ̀nì ò pẹ̀tù sí mi nínú. Ó kó èyí tó bọ́ sílẹ̀ sínú odó, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.

A ṣiṣẹ́. Amọ̀ tí iná ò tíì fọwọ́ kàn, bó ti wù kó pẹ́ tó, omi lè sọ ọ́ di amọ̀ padà. A gún un, a sẹ́ ẹ, a bomi sí i, a lọ àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ mọ́ ọn kó má baà sán, a fi ẹsẹ̀ pò ó. Ó rọ̀, ó ń fà, kò jọ ilẹ̀ pupa rárá. Mo dojú ìkòkò ògbólógbòó kan dé, mo tẹ́ amọ̀ lé e lórí, mo fi igi lù ú títí ó fi bò ó. Nígbà tó fi di ọ̀sán, oòrùn ti jẹ́ kó le díẹ̀, mo yọ ọ́, mo gbé e jókòó sórí òṣùká, ní àárín ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí amọ̀ gígùn lé e létí, tí mò ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Ẹsẹ̀ mi ò kan nǹkan kan. Afojúwọ̀n ń tẹ̀ lé mi lókè, ó ń ya ọ̀nà ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ róbótó, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó yé mi. Ó yé mi báyìí."

Ìkòkò náà dúró. Ikùn yọ, èjìká yọ, ọrùn yọ.

Ọ̀gbẹ́ni Kújẹ̀ḿbọ́lá dé kí aago mẹ́rin tó lù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bó ṣe wọlé, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ wà láàárín wọn. Àjà kọkànlélọ́gọ́ta ló ń gbé nílùú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ìkòkò yìí ò lẹ́nu."

"Ẹnu ló kù, ọ̀gá."

"Òfin ní kó pé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù fún un kó pé. Ẹ má bínú sí mi."

Mo na ọwọ́ sí amọ̀, amọ̀ ti tán. Gbogbo èyí tó mọ́ lára ògiri ti wọ inú ìkòkò, ìyókù ti dà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ pupa, kò sí èyí tó ṣeé lò mọ́, àfi ègé kan tí mo ti fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì. Ipa ìka mẹ́ta wà lára rẹ̀, kedere, èyí tí mo ń kí láràárọ̀. Mo ti ní kí n fi í sí orí ìrọ̀rí mi.

Mo gbé e, mo wò ó. Mo tì í bọ inú abọ́ omi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ ìsàlẹ̀. "Ìyá àgbà," mo ní, "ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Ìyá àgbà wo?" Màmá Ṣárọ́ọ̀nì bi mí.

"Ìka ìyá mi àgbà ni, Màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ìyá rẹ àgbà tó ní òun ò ní fi ọwọ́ kan ògiri ẹlẹ́yà yẹn láéláé? Bàbá rẹ àgbà ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Gbogbo ọyẹ́ ni ògiri ń sán, gbogbo ọyẹ́ ló ń dí i. Èmi ni mo ń po amọ̀ fún un. Wọ́n ní kó wó o, kó fi ilẹ̀ pupa mọ ọ́n bí ènìyàn gidi. Ó ní rárá, ó ní ìyàwó òun ń sùn dáadáa nínú òórùn amọ̀. Títí ó fi kú ló ń dí i, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni a fẹ́ la mọ̀, ọmọ mi, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni."

Mo gbé ọwọ́ sókè kíá láti inú omi. Amọ̀ náà ti rọ̀. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ dán gbinrin, ipa kankan ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ogójì ọdún ni mo fi ń wá obìnrin kan, mo sì ti ń di ọwọ́ ọkùnrin kan mú láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dá omi yẹn padà, ìṣẹ́jú kan péré, kí n kí i lórúkọ ara rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìyá mi," Afojúwọ̀n wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Mo yí amọ̀ náà gùn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọrùn, mo da aṣọ tútù lé e, mo tẹ̀ ba, mo fi ẹ̀yìn rìn. Mo ń sunkún, mo ń rìn, ẹnu ìkòkò ń yọ, ó ń dán. Nígbà tí mo dúró, Ọ̀gbẹ́ni Kújẹ̀ḿbọ́lá fi ìka kan kan etí rẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó pé." Létí ọ̀nà, Agbálẹ̀ tan iná aláwọ̀ ewé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Kújẹ̀ḿbọ́lá mú ìwé rẹ̀ jáde. "Ẹ kú oríire, Ìyá wa. Ilé ti di tiyín. Ó ku ohun kan: òfin ní kí a kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mọ ilé náà sílẹ̀. Kí ni orúkọ bàbá yín àgbà?"

Mo la ẹnu. Mo wá a nínú gbogbo ohun tí ìyá mi sọ fún mi rí, nínú gbogbo ẹ̀rín tí a rín lórí àjà kẹtàdínlógójì. Kò sí ẹni tó pè é lórúkọ rí. Mo yíjú sí Màmá Ṣárọ́ọ̀nì, ojú sì tì mí gan-an.

"Màmá, kí ni wọ́n ń pè é?"

Arúgbó náà wo ilẹ̀, ó wo igi àgbálùmọ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun mọ̀ ọ́n dáadáa, kí n ṣe sùúrù fún òun. Ọ̀gbẹ́ni Kújẹ̀ḿbọ́lá ní òun ní láti padà sílùú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, mo fa odó fún un, mo sì kúnlẹ̀ síwájú Màmá Ṣárọ́ọ̀nì, mo ń wo ẹnu rẹ̀.